OHUN TÍ MO RÍ ÀTI OHUN TÍ MO RÒ: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Òṣèlú àti Ẹjọ́ Ìbanilórúkọjẹ́ ní Ilẹ̀ Wa

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìwé ètò yìí ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ nípa ìtàn, mo bi ara mi léèrè irú ìtàn tí yóò wúlò fún ẹni tó bá gbé ìwé náà lọ sílé. A ti gbọ́ ìtàn ogun àti ti oyè púpọ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ ni ìtàn ọ̀rọ̀ ẹnu: ohun tí ará ìlú lè sọ nípa ẹni tó wà nípò, ohun tí kò lè sọ, àti bí òfin ṣe ń ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìdíkọ̀ Iyaro láàárọ̀ kí n tó wọ ọkọ̀ mìíràn. Àwọn ènìyàn á ti pé jọ sídìí ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn. Púpọ̀ nínú wọn kì í rà á. Àkọlé ni wọ́n ń kà lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹjọ́ gómìnà, ti mínísítà àti ti alága káńsù. Ẹnì kan á ní, "Gómìnà yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ìlú rárá." Ẹlòmíràn á ní, "Ó ti kó owó wa lọ sí ìlú òyìnbó." Létí ẹni tó ń gbọ́, ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì: bíbú ni wọ́n ń bú gómìnà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ọ̀nà wọn jìn síra. Ẹni àkọ́kọ́ sọ èrò ọkàn rẹ̀. Ẹni kejì sọ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, adájọ́ yóò sì bi í pé: níbo ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà wo, ta ni ẹlẹ́rìí rẹ? Èmi fúnra mi kò mọ ìyàtọ̀ yìí títí ó fi kó mi sí wàhálà. N ó sọ ọ́ níwájú.

ỌBA KÌ Í PA Ọ̀KỌRIN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ló kọ́ wa pé a lè bá olóyè wí. Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ ọdún Òkè'Bàdàn, tọmọdé tàgbà ló máa ń kọrin èébú kiri ìgboro, kò sì sí ẹni tó ga ju ohun tí wọ́n lè fi kọrin lọ. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí à ń pè ní Yewa lónìí, Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde lóru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án. Orin ló fi ń bá ẹni tó ń hùwà tí kò tọ́ wí, ìbáà jẹ́ ìjòyè. Ẹni tí wọ́n bá kọ lórin kò gbọdọ̀ bínú jà.

Ṣùgbọ́n àyè yìí ní ààlà. Ọjọ́ rẹ̀ wà, ibi tí a ti ń kọ ọ́ wà, ohun tí ìlú sì ti rí ni orin ń dá lé. Ẹni tó bá jí lọ́jọ́ lásán, tó pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè, àwọn àgbà yóò ránṣẹ́ pè é kó wá fi ẹ̀rí hàn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun méjì yìí ni àṣà wa ń ṣọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹnu ará ìlú, àti orúkọ ọmọlúàbí. Ohun méjì kan náà ni òfin kóòtù ń wá bí yóò ṣe ṣọ́.

ẸSẸ̀ MẸ́RIN TÍ ÀWÍJÀRE NÁÀ DÚRÓ LÉ

Nígbà tí òyìnbó dé, wọ́n gbé òfin tiwọn dé. Benin níbí wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó fi Ìbàdàn ṣe olú ìlú títí di 1963, nígbà tí wọ́n dá Mid-West sílẹ̀. Púpọ̀ nínú òfin Ìbàdàn ló sì bá Mid-West lọ. Nínú ohun tí a jogún lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwíjàre kan wà fún ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Àwọn lọ́yà wa ń pè é ní fair comment. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí wọ́n ṣe ní 2013 yí orúkọ rẹ̀ padà sí honest opinion, èyí tí mo ń pè ní èrò òtítọ́ inú.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló dúró lé. Èkíní, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ kan gbogbo ìlú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú yàrá ẹnì kan. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èrò, kì í ṣe ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta, ohun tí èrò náà dá lé gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́, kí ẹni tó ń kà á sì lè mọ ohun náà. Ẹ̀kẹrin, ẹni tó sọ ọ́ gbọ́dọ̀ gbà á gbọ́ lóòótọ́, kó má jẹ́ pé àránkàn ló gbé e dé ìdí rẹ̀.

Ẹjọ́ mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò jẹ́ kó yé wa. Ní 1863, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Campbell, tó ní ìwé ìròyìn, ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dáwó kí ìwé náà lè tàn káàkiri nítorí iṣẹ́ ìhìnrere ní Ṣáínà. Ìwé ìròyìn mìíràn kọ ọ́ pé èrè ara rẹ̀ ni àlùfáà náà ń wá. Àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ gbà pé ẹni tó kọ ọ́ gba ohun tó kọ gbọ́. Síbẹ̀, ó jẹ̀bi. Àwọn adájọ́ ní bí ènìyàn bá fẹ́ sọ pé inú ẹnìkejì kò mọ́, ìgbàgbọ́ ọkàn nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan tí yóò gbé e lé.

Èkejì ni ti Michael Foot, ẹni tó padà di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Labour. Ní 1950, nínú Tribune ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kì í ṣe Tribune ti Ìbàdàn wa, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé ìròyìn kan, ó sì fi àkọlé sọ pé ìwà ìwé náà tún relẹ̀ ju ti Kemsley lọ. Kemsley yìí jẹ́ olówó tó ní ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn. Ó pẹjọ́. Ní 1952, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní Foot lè gbé àwíjàre yìí kalẹ̀, nítorí pé ìwé ìròyìn Kemsley wà lójú ọjà, ẹnikẹ́ni lè rà á kó kà á, kó sì wò ó bóyá òótọ́ ni Foot sọ.

Ẹ̀kẹta ni ti 1958, nígbà tí olóṣèlú kan tó ń jẹ́ Silkin pe ìwé ìròyìn kan lẹ́jọ́. Adájọ́ Diplock kìlọ̀ fún àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ pé kí wọ́n má bi ara wọn bóyá àwọn fara mọ́ ohun tí òǹkọ̀wé sọ. Ohun tí wọn yóò bi ara wọn ni pé, ǹjẹ́ ẹni tó ní òtítọ́ inú, bó ti wù kó lágídí tó, lè ní irú èrò bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn àwíjàre yìí. Kì í ṣe ọlọ́gbọ́n nìkan ló ń dáàbò bò. Ó fún alágídí náà láyè, bó bá ṣáà ti jẹ́ olóòótọ́.

ÌJỌBA ÒYÌNBÓ ÀTI ÀWỌN ONÍWÈÉ ÌRÒYÌN ÈKÓ

Ṣùgbọ́n bí òyìnbó ṣe ń gbádùn òfin yìí nílé, ohun mìíràn ni wọ́n fi lélẹ̀ fún wa níbí. Ní 1909 wọ́n gbé òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ jáde, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní sedition. Lábẹ́ òfin yẹn, ìbéèrè kì í ṣe bóyá òótọ́ ni o sọ tàbí bóyá o gbà á gbọ́. Ìbéèrè ni pé, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ lè mú kí ìlú kórìíra ìjọba? Ẹsẹ̀ mẹ́rin tí mo kà sílẹ̀ yẹn kò ní ilẹ̀ tí wọn yóò tẹ̀.

James Bright Davies, tó ń ṣe ìwé ìròyìn Times of Nigeria ní Èkó, ló kọ́kọ́ rí i. Ní 1916, nígbà ìjọba Lugard, wọ́n bu owó ìtanràn £100 fún un nítorí ohun tó kọ nípa ìjọba. Kò dákẹ́. Nígbà tí wọ́n tún gbé e dé kóòtù, ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ni wọ́n jù ú sí.

Ní 1928 ó kan Herbert Macaulay. Lagos Daily News, tí òun àti Dókítà Caulcrick jọ ni, gbé àhesọ kan jáde pé àwọn kan ń gbìmọ̀ láti pa Ọba Eṣugbayi Ẹlẹ́kọ̀, ẹni tí ìjọba ti rọ̀ lóyè tí wọ́n sì ti lé kúrò ní Èkó ní 1925. Macaulay fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura.

Gbogbo wa la máa ń ka àwọn méjèèjì mọ́ akọni, akọni sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò. Ọ̀rọ̀ wọn kò rí bákan náà. Èrò ni wọ́n fi ìyà rẹ̀ jẹ Bright Davies, ìyẹn sì burú. Ti Macaulay, àhesọ ni. Àhesọ kì í ṣe èrò. Ìròyìn tí kò ní ẹlẹ́rìí ni. Kódà ká ní òfin tó dára jù lọ láyé ni wọ́n fi dá ẹjọ́ rẹ̀, àwíjàre èrò òtítọ́ inú kò ní gbà á sílẹ̀.

LẸ́YÌN ÒMÌNIRA

A gba òmìnira ní 1960, a sì rò pé òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ yóò bá òyìnbó lọ. Kò lọ. Ọ̀mọ̀wé Chike Obi, onímọ̀ ìṣirò tó ń kọ́ni ní Ìbàdàn, tó tún jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan, tẹ ìwé pélébé jáde, ó sì fi pe àwọn tó ń ṣèjọba ní ọ̀tá ará ìlú. Ìjọba gbé e lọ sí kóòtù. Ní 1961, Kóòtù Gíga Jù Lọ ní òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé òfin tuntun ti fún wa ní òmìnira láti sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ológun dé, ọ̀rọ̀ sì kúrò ní ti kóòtù. Èyí kan Benin gan-an. Ní 1968, ìjọba Mid-West dá ìwé ìròyìn Nigerian Observer sílẹ̀ níbí. Minere Amakiri ni akọ̀ròyìn rẹ̀ ní Port Harcourt. Ní oṣù Keje 1973, ó kọ ọ́ pé àwọn olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ Rivers ń halẹ̀ pé àwọn yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìròyìn náà jáde ní ọjọ́ 30 oṣù náà, ọjọ́ tí gómìnà ológun níbẹ̀, Alfred Diete-Spiff, ń ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ọ̀gá ológun tó ń tẹ̀ lé gómìnà, Ralph Iwowari, ní kí wọ́n na Amakiri ní ẹgba 24, wọ́n sì fi àfọ́kù ìgò fá irun orí rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo wà nígbà náà. Mo rántí pé olùkọ́ wa ka ìròyìn náà fún wa nínú kíláàsì, kò sì sọ ohunkóhun lẹ́yìn tó kà á tán. Ẹ wò ó: Amakiri kò tilẹ̀ sọ èrò kankan. Ohun tó rí ló kọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, Gani Fawehinmi sì dúró fún un. Ní 1974, Adájọ́ Allagoa ní kí wọ́n san ₦10,750 fún un.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, ẹjọ́ tó yí ọ̀rọ̀ padà ni ti Arthur Nwankwo, tó ń tẹ ìwé jáde ní Enugu, tó sì fẹ́ du ipò gómìnà. Ní 1982, ó kọ ìwé kan nípa bí Gómìnà Jim Nwobodo ṣe ń ṣàkóso ìpínlẹ̀ Anambra. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù Keje 1983, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Enugu dá a sílẹ̀. Wọ́n ní òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ jẹ́ ti ayé amúnisìn, kò sì bá ìwé òfin 1979 mu. Bí ọ̀rọ̀ bá dun ẹni tó wà nípò, kó lọ pe ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ bí ará ìlú yòókù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn fò yín. Ní kóòtù ìbanilórúkọjẹ́, òǹkọ̀wé lè dúró kó ní, "Òtítọ́ ni," tàbí kó ní, "Èrò ọkàn mi ni, ohun tí mo gbé e lé sì rèé." Nípa bẹ́ẹ̀, àwíjàre tí òyìnbó kò jẹ́ kí Bright Davies rí lò ní 1916, ọ̀nà wá ṣí fún un nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú.

NÍLÉ ÀTI LÓKÈÈRÈ

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà ti rìn ín. Ní 1964, Kóòtù Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ní òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè jàre ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ àfi bó bá fi hàn pé òǹkọ̀wé mọ̀ pé irọ́ ni tàbí pé kò bìkítà. Òfin tiwa kò lọ jìnnà tó ìyẹn. Ní Austria, akọ̀ròyìn Lingens kọ ọ́ ní 1975 pé ìwà olórí ìjọba wọn, Kreisky, kò bójú mu, ìmọtara-ẹni ló wà nídìí rẹ̀. Kóòtù ibẹ̀ bu owó ìtanràn fún un nítorí pé kò lè fi ẹ̀rí hàn. Ní 1986, kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní ìdájọ́ yẹn kò tọ́: a lè béèrè ẹ̀rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè mú ẹlẹ́rìí wá fún èrò?

Nítòsí wa níbí, Burkina Faso ju Lohé Issa Konaté sí ẹ̀wọ̀n oṣù 12 nítorí ohun tó kọ nípa agbẹjọ́rò ìjọba kan. Ní oṣù Kejìlá 2014, kóòtù ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní Arusha ní kò yẹ kí wọ́n ju ènìyàn sẹ́wọ̀n nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà jogún ka ìbanilórúkọjẹ́ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 1, tàbí ọdún 2 bó bá mọ̀ pé irọ́ ni. Ní oṣù Kejìlá 2024, ọlọ́pàá mú lọ́yà Dele Farotimi ní Èkó, wọ́n gbé e lọ sí Adó-Èkìtì, lórí ìwé tó kọ nípa ètò ìdájọ́ Nàìjíríà. Olóyè Afẹ Babalọla ló fẹ̀sùn kàn án pé ó ba òun lórúkọ jẹ́. Ní oṣù Kìíní 2025, lẹ́yìn tí Ọọ̀ni Ifẹ̀ àti àwọn ọba mìíràn bẹ̀bẹ̀, Olóyè Babalọla ní òun fi ẹjọ́ náà sílẹ̀. Mo dúpẹ́ pé àwọn ọba wa parí ìjà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí a bẹ̀bẹ̀ parí kì í fi ìdájọ́ sílẹ̀. Kò sí adájọ́ tó sọ fún wa èyí tó jẹ́ ìròyìn àti èyí tó jẹ́ èrò nínú ìwé náà, èmi náà kò sì ní sọ ọ́.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI NÍ 1987

Ó wá kù mí ku ọ̀rọ̀ ara mi. Ní àdúgbò tí mo ń gbé nígbà náà, ilé kọ̀ọ̀kan dá ₦60 láti ra tiransifọ́mà. Oṣù mẹ́rìnlá kọjá, a kò rí tiransifọ́mà, alága àdúgbò kò sì ka ìṣirò owó sí wa létí. Inú bí mi. Mo ti jáde yunifásítì, mo sì rò pé kò sí ohun tí n kò lè kọ. Mo tẹ ìwé ojú ewé kan, mo pín in káàkiri. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Alága ti jẹ owó iná wa." Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí lẹ́tà lọ́yà fi dé: kí n tọrọ àforíjì láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí n wá sọ tẹnu mi ní kóòtù.

Mo sáré lọ bá àbúrò kan tó jẹ́ lọ́yà. Ó fa ìlà sí àárín ìwé kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sápá kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rò sápá kejì." Ohun tí mo rí kò ju mẹ́ta lọ: a dáwó, tiransifọ́mà kò dé, wọn kò ka ìṣirò. Ohun tí mo rò ni pé ó ti jẹ ẹ́. Ó ní, "Èyí tí ẹ rò yìí ni ẹ kọ bí ẹni pé ẹ rí i. Ká ní mẹ́ta yẹn ni ẹ kọ, tí ẹ wá fi kún un pé, 'Nítorí náà, lójú tèmi, alága yìí kò yẹ lẹ́ni tí a ń fi owó sí lọ́wọ́,' kò sí lọ́yà tí yóò kọ lẹ́tà sí yín."

Ní ìpàdé, alága mú rìsíìtì jáde. Ó ti san owó náà fún kọngilá kan tí kò tíì gbé ọjà wá. Ẹ̀bi tirẹ̀ ni pé kò sọ fún wa. Ẹ̀bi tèmi ni pé mo pè é ní olè. Mo dìde lójú gbogbo ènìyàn, mo tọrọ àforíjì. Ìyàwó ọkùnrin yìí ló tọ́jú àkọ́bí wa nígbà tí ìyàwó mi wà ní ọsibítù. Láti ọjọ́ náà, ìkíni wa kò ju ti ẹnu lọ mọ́. Nígbà tí ó kú ní 2004, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí.

Èyí tó dùn mí jù kì í ṣe ìtìjú náà. Lẹ́yìn àforíjì mi, fún ọdún méjì gbáko, kò sí ẹni tó tún láyà láti béèrè ìṣirò owó ní àdúgbò wa. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ béèrè, wọn á ní, "Ṣé o fẹ́ dà bíi ti ọjọ́sí ni?" Irọ́ mi ló pa òtítọ́ àwọn ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́.

FÚN ÀWA ỌMỌ ẸGBẸ́

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kì í ṣe pé ká dákẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ olórí rẹ̀ yóò tú, ìlú tí kò bá béèrè yóò bàjẹ́. Bí ìdìbò bá ń bọ̀, tàbí bí akápò wa bá ka ìṣirò tán, ẹ sọ ohun tí ẹ rí láìfi bò. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ rò, kó le bó ti wù kó le, kí ẹ sì jẹ́ kó hàn pé èrò yín ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ rántí àhesọ tó gbé Macaulay dé ẹ̀wọ̀n. Ohun tí ẹlòmíràn kọ, tí ẹ̀yin sì tàn káàkiri, ẹ̀yin náà ti sọ ọ́.

Mo ti kọ èrò tèmi síbí. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó gbé ọwọ́ sókè ní gbọ̀ngàn àpérò. Kí Ọlọ́run fún ẹgbẹ́ wa ní àlàáfíà, kó sì mú gbogbo wa délé láyọ̀. Àṣẹ.